Bí a ṣe ń bá ọ̀dọ́ ka ìwé ogun: ohun tí Alex àti gẹ́tò Warsaw kọ́ mi

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ ka The Island on Bird Street, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí Hitler. Uri Orlev ló kọ ìwé náà ní èdè Hébérù ní 1981, Hillel Halkin sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1984. Ọmọ Júù ọdún 11 kan tó ń jẹ́ Alex, tó wà ní Warsaw, olú ìlú Poland, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà. Tí olùkọ́ bá kọ́kọ́ dìde, tó fi odindi wákàtí kan sọ iye àwọn Júù tí wọ́n pa, orúkọ àwọn àgọ́ ikú, àti ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀, ìwé náà ti kú kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Àwọn ọmọ á ti gbà pé ẹkún ni wọ́n pe àwọn wá sun. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa retí òkú. Nígbà tí Alex bá wá ń ro bí òun yóò ṣe gun òkè ilé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ti wó, ọkàn wọn kò ní sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo rí dì mú nínú bíbá ọ̀dọ́ ka irú ìwé báyìí, inú rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti ń jáde: ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń kàwé mọ ohun tí Alex mọ̀, nígbà tí Alex mọ̀ ọ́n, kí ẹ má sì ṣáájú rẹ̀. Alex kò mọ àgọ́ ikú tó ń jẹ́ Treblinka. Kò mọ ọdún tí ogun máa parí. Ohun tó mọ̀ ni pé ìyá òun jáde lọ kí àwọn ojúlùmọ̀ ní apá ibòmíràn nínú gẹ́tò, ìyẹn àdúgbò tí àwọn Jámánì há àwọn Júù mọ́, kò sì padà wálé mọ́. Pé bàbá òun àti bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Boruch jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ okùn. Pé òun ní èkúté funfun kan tó ń jẹ́ Snow, tí òun gbọ́dọ̀ máa wá oúnjẹ fún. Nígbà tí wọ́n kó bàbá rẹ̀ lọ, àṣẹ kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀: kó sá lọ sí ilé wíwó tó wà ní nọ́ńbà 78 ní Bird Street, kó dúró síbẹ̀, bàbá yóò wá mú un. Ìdúró yẹn ni ìwé náà dá lé.

Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kí ẹ kàn kó wọn wọ inú ìwé náà láìmúra. Alex mọ gẹ́tò dáadáa, àwọn ọmọ tiwa kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí Alex ti mọ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi hàn wọ́n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì jẹ́ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn lè wọ̀n.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí odi. Ní oṣù October 1940 ni ìjọba Jámánì kéde gẹ́tò ní Warsaw, ní ọjọ́ 16 oṣù November ọdún kan náà ni wọ́n tì í pa. Àwọn tí wọ́n há mọ́bẹ̀ lé ní 400,000, lórí ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀, tí a bá kó o jọ, kò tó kìlómítà 2 níbùú àti kìlómítà 2 lóòró. Odi tí wọ́n fi yí i ká ga tó nǹkan bíi mítà 3. Ẹ mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì, ẹ fa ìlà sí ibi mítà 3 lára ògiri ìta, kí ẹ sì ní kí ọmọ tó ga jù na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní débẹ̀, ìyẹn á sì yé gbogbo wọn láìsí àlàyé. Lẹ́yìn náà, ẹ fa yàrá kan sílẹ̀, mítà 3 sí mítà 4, kí ọmọ 7 dúró sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹní, ìkòkò, àti báágì wọn, nítorí pé bí ènìyàn ṣe ń gbé nínú yàrá kan ní gẹ́tò nìyẹn, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú 5. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ìkòkò máa gbé? Níbo ni ẹni tí ibà ń ṣe máa sùn sí? Ibà tí iná ara, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ń gbé kiri, èyí tí wọ́n ń pè ní táífọ́ọ̀sì, pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè lóye ìdí rẹ̀ tí ẹ kò bá tíì rí bí ẹni méje ṣe ń sùn nínú yàrá kan.

Ẹ má ṣe kọjá wíwọ̀n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ fẹ́ràn kí àwọn ọmọ ṣe eré, kí àwọn kan jẹ́ Júù, kí àwọn kan jẹ́ sójà Jámánì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó ń ṣe sójà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn pípàṣẹ, ẹni tó ń ṣe Júù á ti di ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà á sì lẹ̀ mọ́ ọn lára títí wọn ó fi jáde nílé ìwé. Wọn kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Júù sí i. Ẹ̀tàn ló máa kù sí wọn lórí, pé àwọn ti mọ bó ṣe rí lára.

Ti oúnjẹ gba ìṣọ́ra. Lọ́dún 1941, oúnjẹ tí wọ́n fọwọ́ sí fún Júù kan ní Warsaw lójúmọ́ kò tó kálórì 200. Nọ́ńbà yẹn kò sọ nǹkan kan fún ọmọ ọdún 13. Búrẹ́dì ló máa sọ ọ́. Ege búrẹ́dì kan lásán máa ń tó kálórì 70 sí 80, nítorí náà, ẹ gé ege méjì, kí ẹ gé ìdajì ìkẹta, kí ẹ tò wọ́n sórí tábìlì: gbogbo ohun tí òfin gbà kí ènìyàn jẹ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni yóò yé wọn pé ẹni tí kò bá ra oúnjẹ fàyàwọ́ ní láti kú, àti pé àwọn ọmọ kéékèèké tí ara wọn lè gba inú ihò odi ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé búrẹ́dì síta, ẹ wádìí àwọn tó wà níwájú yín. Ọmọ kan lè wà níbẹ̀ tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, tí kò sì ní sọ. Ọmọ kan lè ń gba ààwẹ̀. Ẹ ra odindi búrẹ́dì, kí ẹ pín ìyókù fún gbogbo wọn tí ẹ bá parí, kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ mú tirẹ̀ lọ sílé. Kò dára kí a fi ebi kọ́ ọmọ tí ebi ń pa.

Ilé náà wá ńkọ́? Níbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń sọnù, tí olùkọ́ kò sì ní mọ̀ pé wọ́n ti sọnù. Ilé alájà mẹ́ta, mẹ́rin, tó dojú kọ àgbàlá láàárín, tó sì so mọ́ ilé kejì lọ́tùn-ún lósì, ni wọ́n ń gbé ní Warsaw. Bọ́ǹbù ti wó apá kan ilé Alex, ṣùgbọ́n apá kan ilẹ̀ àjà òkè ṣì rọ̀ mọ́ ògiri, kò sí àtẹ̀gùn tó débẹ̀. Òkè yẹn ni Alex fi ṣe ibùgbé, àkàbà okùn ló ń gùn, ó sì ń fà á sókè tẹ̀lé ara rẹ̀. Láti ihò atẹ́gùn kan níbẹ̀ ló ti ń wo òpópónà àwọn ará Poland ní òdìkejì odi. Máàpù tí a tẹ́ sílẹ̀ kò wúlò fún èyí. Ẹ ya ilé náà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ là á láti òrùlé dé ìpìlẹ̀: yàrá abẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀, òkìtì bíríkì lórí rẹ̀, àjà tó rọ̀, ihò atẹ́gùn, odi, òpópónà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ó wà níbẹ̀ títí ìwé á fi parí. Ní gbogbo ìjókòó, kí ọmọ kan wá fi ìka tọ́ ibi tí Alex wà kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá lè tọ́ ọ, a jẹ́ pé ohun tí ẹ kà kẹ́yìn kò yé wọn, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ sọ̀rọ̀ òtútù náà fún wọn. Ọyẹ́ kò tó fi ṣe àpèjúwe rẹ̀. Omi máa ń dì ní Warsaw nígbà òtútù, èéfín tí ènìyàn dá láti yá iná máa ń hàn síta, ẹsẹ̀ tí ènìyàn tẹ̀ sórí yìnyín sì ń júwe ibi tó sá sí.

Ẹ má fo ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí Orlev kọ síwájú ìwé. Ó kúrú, òun ló sì kọ́kọ́ sọ fún òǹkàwé pé ilé wíwó yìí dà bí erékùṣù Robinson Crusoe, pé ọmọ náà ní láti máa kó ohun tí yóò lò láti inú àwọn ilé tí wọ́n ti kó ènìyàn inú wọn lọ. Ọ̀nà tó fẹ́ kí wọ́n gbà wọ inú ìwé náà nìyẹn: ẹni tó ní ìṣòro láti yanjú, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tí kíkà bá bẹ̀rẹ̀, ojú ìwé mẹ́wàá tó fún ìjókòó kan tí kò ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Ẹ ka ojú ìwé méjì ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dúró, kí ọmọ kan fi Yorùbá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Tí ẹ bá ka odindi orí kan tán kí ẹ tó béèrè, àwọn méjì tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu ló máa dáhùn, àwọn yòókù á kàn máa mi orí. Fífi Yorùbá sọ ọ́ tún ní àǹfààní mìíràn tí n kò rí ohun tó ṣe é fi rọ́pò: ọmọ tó bá ń sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀ kì í lè fi ọ̀rọ̀ ńlá bo ohun tí kò yé e mọ́lẹ̀. Orúkọ àwọn ará Poland máa ń dí wọn lọ́nà; ẹ pe àwọn orúkọ náà kí wọ́n pè é tẹ̀lé yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ máa bá a lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín orúkọ.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìkọ̀wé kan tó fa sí ọwọ̀n mẹ́ta. Àkọ́kọ́: ohun tí Alex ní. Ìkejì: ohun tí Alex mọ̀. Ìkẹta: ohun tí Alex ń retí. Ní òpin ìjókòó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi kún un, wọ́n á sì pa ohun tó ti sọnù rẹ́. Nínú ọwọ̀n àkọ́kọ́ ni ìbọn ìléwọ́ bàbá rẹ̀ máa wà, àti Snow, àti okùn, àti oúnjẹ tó rí kó. Nínú èyí ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan ló máa wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: bàbá. Bí ọwọ̀n àkọ́kọ́ bá ti ń kún tó ń gbẹ, tí ẹ̀kẹta kò sì yí padà, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn. Mo ti rí i pé ohun tí ọwọ̀n mẹ́ta yìí ń ṣe pọ̀ ju ohun tí ogún ìbéèrè lẹ́yìn orí ìwé ń ṣe lọ.

Wọ́n á bi yín pé: "Ṣé bàbá rẹ̀ máa wá?" Gbogbo ìjókòó ni wọ́n á bi yín. Ẹ má dáhùn, ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín dáhùn. Ẹ sọ pé Alex náà kò mọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ ti bẹ ẹni tó bá ti wo fíìmù rẹ̀ tó jáde ní 1997, tàbí tó ti ka ìparí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó bá yín pa á mọ́. Tí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ bẹ ọ̀dọ́ kó pa nǹkan mọ́, ó sábà máa ń ṣe é.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn ènìyàn, tí wọ́n kó bàbá lọ, tí Boruch sì jẹ́ kí Alex ráyè sá, ní láti bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó. Ẹ ka ojú ìwé ibẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ ṣáájú. Tó bá bọ́ sí ìparí, agogo á lù, àwọn ọmọ á gbé báágì, wọ́n á sì gbé ọmọ tó ń sá lọ nìkan yẹn dé orí ibùsùn wọn. Ìlànà tí mò ń tẹ̀ lé ni pé ìjókòó kò gbọdọ̀ parí níbi tí Alex ti wà nínú ewu tí kò tíì rí ibi wọ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú dé ibi tó ti rí nǹkan jẹ tàbí ibi tó fara pamọ́ sí, kódà bó bá gba ojú ìwé mẹ́ta sí i. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ irú ibẹ̀ ní ọjọ́ tí ilé ìwé bá fẹ́ gba ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ ti bá àwọn òbí sọ kí ìwé tó délẹ̀ rárá. Láàárín àwọn ọmọ tó wà níwájú wa lónìí, a lè rí ẹni tí wọ́n jí ìbátan rẹ̀ gbé lójú ọ̀nà, ẹni tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní abúlé nítorí àwọn agbébọn, ẹni tí bàbá rẹ̀ jáde nílé tí kò padà. Ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn, kì í sì í ṣe lórí WhatsApp àwọn òbí tí gbogbo ènìyàn ń kà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún àwọn ọmọ ní ọ̀nà àbájáde tí kò ní pe àfiyèsí: ẹni tó bá fẹ́ jáde á gbé bírò rẹ̀ sórí tábìlì yín, á sì máa lọ. Kò ní na ọwọ́ sókè, nítorí gbogbo ojú máa ń yí sí ẹni tó bá na ọwọ́. Kò ní ṣàlàyé. Kí àgbàlagbà kan jókòó sí ìta pẹ̀lú omi, kí ó má bi í ní ìbéèrè kankan. Ẹ má rò pé ẹni tó ń sunkún nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yẹ̀yẹ́ ṣáá, tàbí tó ń sùn nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbọ́ ìtàn pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, òun ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹ ó dé ibi tí Alex ti yìnbọn pa sójà Jámánì kan láti gba àwọn ọkùnrin méjì là, Freddy àti Henryk. Àwọn ọmọkùnrin á pàtẹ́wọ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára àgbàlagbà tó bá wà níbẹ̀, ó fẹ́ bá wọn wí lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá bá wọn wí, wọ́n á dákẹ́, wọn á sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, wọn á máa sọ ọ́ fún yín láti ìgbà náà lọ. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́wọ́ náà parí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n padà sí ojú ìwé yẹn, kí wọ́n wá ohun tí Orlev kọ nípa ara Alex lẹ́yìn tí ìbọn dún, kí ẹnì kan kà á sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ọwọ̀n kejì: kí ni Alex mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ ní àárọ̀? Henryk fara gbọgbẹ́, ó ní láti rí dókítà, òdìkejì odi ni dókítà náà sì wà. Ìbọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yìí ló wá lé ọmọ náà jáde sí ibi tó léwu jù. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ló máa bá wọn sọ ọ́, kò nílò ìwàásù wa.

Ní òdìkejì yẹn ni ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná jù, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún un. Alex rí i pé lẹ́yìn odi kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, wọ́n ń ṣeré, ó sì pàdé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Stashya. Inú máa ń bí àwọn ọ̀dọ́ níbí ju ibikíbi lọ. "Àwọn yẹn ń wò wọ́n? Kí ló dé tí wọn kò ṣe nǹkan kan?" Nítorí pé Alex ti kọjá sí ibẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, ó ti tó àkókò láti sọ díẹ̀ fún wọn. Láti October 1941, Júù tí wọ́n bá mú níta gẹ́tò ń kú, ẹni tó bá fi í pamọ́ náà ń kú, wọ́n sì lè pa á tìdílé tìdílé. Àwọn kan wà tó ń wá Júù kiri nígboro láti gba owó lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó fà wọ́n lé Jámánì lọ́wọ́. Àwọn mìíràn sì wà tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu: ní December 1942, àwọn kan dá ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Żegota láti máa wá ilé, ìwé ìdánimọ̀ ayédèrú àti owó fún àwọn Júù, Irena Sendler wà lára àwọn tó bá wọn kó ọmọdé jáde kúrò ní gẹ́tò. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Tí ẹ bá sọ ti Sendler nìkan, ẹ ti parọ́ fún wọn. Tí ẹ bá sọ ti àwọn ọ̀dàlẹ̀ nìkan, ẹ ti parọ́ mìíràn.

Ọmọ kan á ṣáà béèrè bóyá ènìyàn dúdú wà ní Warsaw nígbà náà. Ìdáhùn wà, ó sì dára kó wà lẹ́nu yín. August Agboola Browne, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1895, dé Poland ní 1922, ó di onílù jáàsì ní Warsaw, ó sì bí ọmọkùnrin méjì síbẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tó kọ ní 1949, ó ní òun bá wọn jà nínú ìdìtẹ̀ tí àwọn ará Warsaw ṣe sí Jámánì ní 1944, pẹ̀lú orúkọ ìkọ̀kọ̀ "Ali". London ló kú sí ní 1976, wọ́n sì gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ ní Warsaw ní 2019. Ojú àwọn ọmọ máa ń là tí wọ́n bá gbọ́ Agboola nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ìjà 1944 jẹ́ ti gbogbo ìlú Warsaw, ti gẹ́tò ṣáájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù April 1943, ó sì parí ní ọjọ́ 16 oṣù May. Ọ̀pọ̀ ìwé ìdánwò tí àwọn ọmọ ń kọ ló ń da méjèèjì pọ̀, olùkọ́ tó bá yára sọ ọ́ ló sì sábà máa ń fà á.

N kò ní sọ bí ìwé náà ṣe parí níbí. Tí ẹ bá ti ka ojú ìwé tó kẹ́yìn, ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ọwọ̀n mẹ́ta wọn, kí wọ́n máa lọ sílé.

Ìjókòó tó tẹ̀ lé e ni ti òtítọ́ tí a ti ń dá dúró. Ìgbà yìí ni kí ẹ sọ pé láàárín ọjọ́ 22 oṣù July àti ọjọ́ 21 oṣù September 1942, wọ́n kó nǹkan bí ènìyàn 265,000 láti gẹ́tò Warsaw lọ sí Treblinka, ibi tí kò jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ, pé wọn kò kó wọn lọ ṣiṣẹ́, pé wọ́n kó wọn lọ pa ni. Ẹ sọ ti Janusz Korczak, dókítà àti òǹkọ̀wé tó ń tọ́jú ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, tó kọ̀ láti fi nǹkan bí igba ọmọ sílẹ̀, tó sì bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin ní August 1942. Ẹ sọ ti Emanuel Ringelblum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń kọ ohun gbogbo tó ń ṣẹlẹ̀ ní gẹ́tò sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n kó o sínú àpótí páànù àti agolo ńlá tí wọ́n fi ń gbé wàrà, tí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n hú apá kan jáde ní 1946, wọ́n hú òmíràn ní 1950. Àwọn ọmọ tó ti kọ ọwọ̀n mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á mọ ìdí tí ènìyàn tó ń kú lọ fi ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nọ́ńbà 265,000 yẹn pẹ̀lú á ní ojú lára wọn nísinsìnyí, nítorí wọ́n mọ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n wá kó.

Wọ́n á bi yín bóyá Alex ni Orlev. Rárá. Wọ́n bí Orlev ní Warsaw ní 1931, Jerzy Henryk Orłowski lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà nínú iṣẹ́ ológun Poland, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn sójà Soviet. Wọ́n pa ìyá rẹ̀ ní gẹ́tò. Àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin ló mú òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dání, wọ́n fara pamọ́, wọ́n sì gbé wọn dé àgọ́ ìfìyàjẹni Bergen-Belsen ní Jámánì ní 1943, níbi tí wọ́n wà títí di 1945. Ohun kan wà nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ nígbà gbogbo: ó máa ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ọmọ ọba China ni òun, pé bàbá òun ló ní kí òun sùn kí òun lá àlá ogun yìí, kí òun lè mọ ohun tí ogun jẹ́ nígbà tí òun bá jọba. Ọmọ ọdún mélòó kan ló ronú rẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ lè fara dà á. Orlev gba àmì ẹ̀yẹ Hans Christian Andersen ní 1996, ó sì kú ní 2022.

Tí ọkàn wọn bá ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ìwé tí mo máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́ tẹ̀ lé e ni lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní 1837 nípa bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú. Ọmọ nǹkan bí ọdún 12 ni nígbà tí ogun kó Òṣogùn ní 1821, kò jìnnà sí ọjọ́ orí Alex. Oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ogun ta. Ó ṣàlàyé bí àwọn ìyá ṣe ń gbé ọmọ sá gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún, bí wọ́n ṣe ń ju okùn sọ́rùn ènìyàn, bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin. Kí àwọn ọmọ ṣí ìwé ìkọ̀wé kan náà, kí wọ́n fa ọwọ̀n mẹ́ta tuntun. Ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà fúnra yín, nítorí ibì kan wà nínú rẹ̀ tí Àjàyí ti sọ pé òun pinnu láti fi ọ̀já ìbàdí òun pa ara òun kí wọ́n má baà ta òun fún àwọn Potogí. Tí àwọn ọmọ kò bá tíì pé ọdún 13, ẹ fo ibẹ̀. Tí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó, kí àgbàlagbà kejì wà nítòsí, kí ẹ sì dúró bá ọmọ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ti Alex ni kí ẹ ṣe níbí pẹ̀lú. Nígbà tí Àjàyí ń kọ lẹ́tà yẹn, kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ̀n kẹta wọn wà bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi ka lẹ́tà náà dé ìparí, kí ẹ tó sọ fún wọn pé ní 1846, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn.